Àtúnmọ Ọyàn: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Kan àti Ìdí tí Àwọn Obìnrin Fi Ń Yàn Án

Ọyàn kì í ṣe ohun kékeré lójú àwa Yorùbá. Ẹni tí ó bá wo àwọn ère tí àwọn agbẹ́gilére wa ìgbàanì gbẹ́ yóò rí obìnrin tí ó kúnlẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọyàn rẹ̀ ró, tí ó fi ń bu ọlá fún ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le tán láàrin ìyá àti ọmọ, ọyàn ni ìyá fi í bẹ ọmọ, òun náà ni ó sì fi í kìlọ̀ fún un. Nítorí náà, nígbà tí dókítà bá sọ fún ọmọbìnrin Yorùbá pé jẹjẹrẹ ti wọ inú ọyàn rẹ̀, tí ó sì ní a ó gé e, kì í ṣe ẹran ara nìkan ni ó gbọ́ pé a ó gé. Ó gbọ́ pé a fẹ́ gé ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá, gẹ́gẹ́ bí aya, àti gẹ́gẹ́ bí obìnrin láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú ni mo ń ṣe ní Fondren Southwest, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ti fi ilé ṣe, láti òpópónà Fondren títí dé Bissonnet àti West Bellfort. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo ti rí obìnrin tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu dókítà, tí kò sì padà síbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Àgbo ni ó ń mu, ó sì ń gba ààwẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà, àrùn náà ti kọjá ọyàn. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé òun kò bẹ̀rù ikú tó bí òun ṣe bẹ̀rù pé kí ọkọ òun rí àyà òun ní pẹlẹbẹ. Kò mọ̀ rárá pé a lè tún ọyàn mọ lẹ́yìn tí a bá ti gé e.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ wo ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí. Ìbéèrè kan ni ó wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ni ó ni ẹnu ọ̀rọ̀ lórí ara obìnrin? Fún nǹkan bí 100 ọdún, dókítà ni. Lónìí, obìnrin fúnra rẹ̀ ni òfin fi sí ipò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ kò tí ì yan ohunkóhun.

Nígbà tí gígé nìkan ni ó wà

Ní ọdún 1882, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, William Halsted, bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọyàn tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1894 ó tẹ ìwé jáde lórí àwọn obìnrin tí ó ti tọ́jú ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ọ̀nà rẹ̀ sì di àṣà káàkiri ayé. Kì í ṣe ọyàn nìkan ni ó ń gé. Ó ń gé ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń kó gbogbo kókó tí ó wà lábẹ́ abíyá kúrò. Èrò rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì ni jẹjẹrẹ fi ń rìn jáde láti inú ọyàn, pé bí a bá gé ibẹ̀ jìnnà tó, a ó lé e bá.

A kò gbọdọ̀ bú u. Ṣáájú rẹ̀, àrùn náà kì í pẹ́ padà sí ojú ibi tí a ti gé e, ọ̀nà tirẹ̀ sì dín èyí kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n iye tí obìnrin san pọ̀: àyà di kòtò, egungun ìhà ń hàn lábẹ́ awọ, apá ń wú, kò sì ṣeé gbé sókè dáadáa mọ́. Halsted kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ibẹ̀ ṣe. Ó ń bẹ̀rù pé ohun tí a bá fi bo ojú egbò lè bo àrùn tí ó ń padà bọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ka títún ọyàn mọ sí ohun èèwọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ayé ìgbà náà, bíbẹ́ nìkan ni oògùn tí ó wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan gbìyànjú. Ní 1895, ní ìlú Heidelberg ní Jámánì, Vincenz Czerny gé ọyàn obìnrin olórin kan tí ó ní kókó. Obìnrin náà ní iṣu ọ̀rá kan ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí kò ní àrùn nínú. Czerny yọ ọ̀rá náà, ó sì fi í dí àyè tí ọyàn fi sílẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn ìṣègùn kà sí àtúnmọ ọyàn àkọ́kọ́. Ní 1906, Iginio Tansini ní Ítálì fa awọ àti ẹran láti ẹ̀yìn obìnrin wá sí iwájú láti fi bo àyà tí a ti gé. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n a gbàgbé rẹ̀ fún nǹkan bí 70 ọdún. Harold Gillies, tí ó fi títún ojú àwọn ọmọ-ogun ṣe gba orúkọ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, mọ ọyàn láti inú awọ ikùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942. Iṣẹ́ abẹ lórí iṣẹ́ abẹ ni ó gbà, nítorí náà ìwọ̀nba obìnrin ni ó lè fara dà á.

Houston, ọdún 1962

Ìlú tí àwa ń gbé yìí ni ìtàn náà ti yí padà. Ní 1962, Timmie Jean Lindsey, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, lọ sí ilé-ìwòsàn Jefferson Davis ní Houston, níbi tí àwọn tálákà ti ń gba ìtọ́jú. Àwòrán tí wọ́n fín sí i láyà ni ó fẹ́ kí wọ́n bá òun pa rẹ́. Àwọn dókítà méjì, Frank Gerow àti Thomas Cronin, ń wá obìnrin tí yóò kọ́kọ́ gba ohun tuntun kan tí wọ́n ṣe: àpò rírọ̀ tí sílíkóònù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní Gerow ni ó di àpò ẹ̀jẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, tí ó rí i pé ó rọ̀ bí ọyàn, ibẹ̀ ni èrò náà sì ti wá. Ara ajá ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò.

Lindsey sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun kò ronú nípa ọyàn òun rárá nígbà náà, pé etí òun ni òun fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí a fi àpò sílíkóònù sí ọyàn rẹ̀. Ní 1963, Cronin àti Gerow gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀ níwájú àpérò àwọn oníṣẹ́ abẹ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìlú Washington.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ibí yìí. Obìnrin tí ó kọ́kọ́ gba àpò náà kò ní jẹjẹrẹ, kò sì tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀, àwọn dókítà ni wọ́n sì dá a lábàá. Òfin tí ó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yẹ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wò kò jáde títí di 1976. Ohun tí yóò wá di ìtùnú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin bẹ̀rẹ̀ níbi tí obìnrin kò ti ní ẹnu ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní 1971, Snyderman àti Guthrie ní New York kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe fi àpò yìí sí abẹ́ awọ àyà àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ti gba ọyàn wọn. Ìṣòro tí ó kù ni pé awọ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn gígé kì í tó láti gba àpò. Chedomir Radovan rí ọ̀nà sí i láàrin ọdún 1970 sí 1980. Ó fi àpò kékeré tí ó ṣófo sí abẹ́ awọ, a sì ń fi abẹ́rẹ́ rọ omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí oyún ti ń fẹ awọ ikùn ni àpò náà ń fẹ awọ àyà, títí àyè yóò fi gba àpò tí yóò dúró síbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a ṣì ń lò fún ọ̀pọ̀ obìnrin lónìí.

Àwọn obìnrin la ẹnu wọn

Títí di nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, bí obìnrin ní Amẹ́ríkà bá ní kókó nínú ọyàn, yóò fọwọ́ sí ìwé kan kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun. Bí wọ́n bá yẹ kókó náà wò tí ó sì jẹ́ jẹjẹrẹ, wọn a gé ọyàn náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Obìnrin yóò sùn láìmọ̀ bóyá òun yóò jí pẹ̀lú ọyàn méjì tàbí ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún Betty Ford, ìyàwó Ààrẹ Gerald Ford. Kò tí ì pé oṣù méjì tí ọkọ rẹ̀ gorí àlééfà. Dípò kí ó fi í pamọ́, ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ yẹ ara wọn wò ní oṣù náà, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ níta sì di ohun tí a ń kà nínú ìwé ìròyìn.

Bernard Fisher, dókítà ní Pittsburgh, ṣe ìwádìí tí ó já ìdè Halsted. Ní 1985, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kókó wọn kò tí ì tóbi, bí a bá yọ kókó náà nìkan, tí a sì fi ìtànṣán tọ́jú ọyàn tí ó kù, ẹ̀mí wọn yóò gùn tó ti ẹni tí a gé gbogbo ọyàn rẹ̀. Láti ìgbà náà, gígé gbogbo ọyàn kò jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn mọ́. Àwọn tí ó ṣì pọn dandan fún, tàbí tí wọ́n fúnra wọn yàn án, ni ọ̀rọ̀ àtúnmọ kàn.

Ohùn mìíràn wà tí kò yẹ kí á gbàgbé. Audre Lorde, akéwì obìnrin aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti erékùṣù Karíbíà, pàdánù ọyàn kan ní 1978. Nínú ìwé rẹ̀ The Cancer Journals, tí ó jáde ní 1980, ó sọ bí nọ́ọ̀sì kan ní ọ́fíìsì dókítà rẹ̀ ṣe bá a wí pé kò fi ọyàn àtọwọ́dá sínú aṣọ, pé èyí kò dára fún ọkàn àwọn aláìsàn yòókù. Lorde kọ̀. Ó ní òun kò ní fi àpá òun pamọ́ kí ara lè tu àwọn ẹlòmíràn, ó sì rántí ìtàn àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì, àwọn kan náà tí àwọn Ẹ̀gbá bá jà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta ní 1851. Bí Betty Ford ṣe fún obìnrin ní àyè láti sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Lorde fún wọn ní àyè láti sọ pé rárá.

Ẹran ara ẹni

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1982, Carl Hartrampf ní Atlanta kọ ìwé lórí bí a ṣe lè fi awọ àti ọ̀rá ìsàlẹ̀ ikùn mọ ọyàn. Ọ̀rá tí obìnrin ní lábẹ́ ìdodo lẹ́yìn ọmọ bíbí ni ó ń lò, pẹ̀lú ẹran ikùn tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Abẹ́ awọ ni yóò ti fà á gòkè wá sí àyà. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé gbígba ẹran ikùn máa ń sọ ikùn di aláìlágbára, àwọn mìíràn sì máa ń ní ìpákè. Ní 1992, Robert Allen ní New Orleans bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà kan tí ó fi ẹran ikùn sílẹ̀ sí àyè rẹ̀. Awọ àti ọ̀rá nìkan ni ó mú pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ń bọ́ wọn, ó sì fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá rán iṣan náà mọ́ ti àyà.

Ọ̀pọ̀ wákàtí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Obìnrin yóò wà ní ilé-ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan, wọn yóò sì máa yẹ ọyàn tuntun náà wò lóòrèkóòrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, ó lè kú, kí wọ́n sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá yè, ara ẹni ni: ó ń gbóná, ó ń rọ̀, bí obìnrin bá sanra òun náà yóò tóbi, kò sì sí àpò tí a ó máa pààrọ̀. Ní Houston níbí, ilé-ìwòsàn MD Anderson, tí ìjọba Texas dá sílẹ̀ ní 1941 fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, wà lára àwọn ibi tí a ti mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Láti Fondren Southwest, kò jìnnà.

Àríyànjiyàn lórí sílíkóònù

Ẹ ó ti gbọ́ pé sílíkóònù ń pa ènìyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyí. Láàrin ọdún 1980 sí 1992, àwọn obìnrin púpọ̀ sọ pé àpò tí ó bẹ́ sí wọn lára fa oríṣiríṣi àìsàn. Ní oṣù Kìíní 1992, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, FDA, ní kí á dá lílo àpò sílíkóònù dúró. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n gbà kí àwọn tí ń tún ọyàn mọ lẹ́yìn jẹjẹrẹ ṣì lè rí i lò lábẹ́ ìṣọ́. Ní ìparí ọdún náà, àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Houston ní kí iléeṣẹ́ kan san 25 mílíọ̀nù dọ́là fún obìnrin kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ Dow Corning, tí ó bá Cronin àti Gerow ṣe àpò àkọ́kọ́, kéde ní 1995 pé òun kò lè san gbèsè mọ́.

Ní 1999, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Institute of Medicine yẹ gbogbo ìwádìí wò. Wọn kò rí ẹ̀rí pé sílíkóònù ń fa àìsàn tí ń kárí ara. Ohun tí wọ́n rí ni pé àpò lè bẹ́, pé awọ tí ó yí i ká lè le kí ó sì máa dunni, àti pé a lè tún iṣẹ́ abẹ ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2006, FDA tún fọwọ́ sí i. Ní 2019, wọ́n ní kí iléeṣẹ́ Allergan kó irú àpò kan tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka kúrò lọ́jà, nítorí ó bá irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí kò wọ́pọ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ tí ó kù fún wa láti inú gbogbo èyí ni pé àpò kì í ṣe ohun tí a fi síbẹ̀ tí a sì gbàgbé. A gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ́ wò, ó sì ṣeé ṣe kí a pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Òfin ọdún 1998

Owó ni ó dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Àwọn iléeṣẹ́ ìṣúránsì ń san owó gígé ọyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ pé títún un mọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹwà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 1998, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní Women's Health and Cancer Rights Act. Òfin náà sọ pé ìṣúránsì tí ó bá ń san owó gígé ọyàn gbọ́dọ̀ san ti àtúnmọ rẹ̀ pẹ̀lú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ abẹ lórí ọyàn kejì kí méjèèjì lè dọ́gba, owó ọyàn àtọwọ́dá tí a ń fi sínú aṣọ, àti owó ìtọ́jú ìṣòro tí ó bá tẹ̀lé e, títí kan apá wíwú. Kò fi ọjọ́ dè é: bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gé ọyàn yín, ẹ ṣì lè béèrè.

Ìwọ̀nba owó tí ẹ máa ń san láti àpò ara yín fún ìtọ́jú mìíràn ṣì lè wà níbẹ̀. Àwọn ètò kan, bí irú ti àwọn ìjọ kan, lè bọ́ lọ́wọ́ òfin náà, nítorí náà ẹ pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín kí ẹ sì béèrè. Fún ẹni tí kò ní ìṣúránsì, Harris Health, tí ó ni ilé-ìwòsàn Ben Taub, ní ètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ará Harris County. Ìwé tí ó fi ibùgbé yín hàn àti èyí tí ó fi owó tí ń wọlé hàn ni wọn yóò béèrè. Ìpínlẹ̀ Texas náà ní ètò Medicaid kan tí ó wà fún jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ẹnu ilé-ọmọ. Ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú jókòó sílé.

Kí ni àwọn tí ó yàn án ń wá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹwà ni. Nínú ohun tí àwọn obìnrin ti sọ fún mi, ẹwà kì í sábà ṣíwájú. Ọ̀kan sọ pé ojoojúmọ́ tí òun bá ń wẹ̀ ni àyà òun ń rán òun létí jẹjẹrẹ, pé òun fẹ́ ọjọ́ kan tí òun yóò wẹ̀ láìrántí. Òmíràn sọ pé ọyàn àtọwọ́dá máa ń gbóná nínú ooru Houston, ó sì ń yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ nígbà tí òun bá ń jó níbi ayẹyẹ. Ẹlòmíràn kò tí ì pé 35 ọdún, kò sì tí ì lọ́kọ. Ìyá kan sọ pé àwọn ọmọ òun kéré, pé òun fẹ́ kí ara òun jọ ara ìyá tí wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni láti padà di ara wọn.

Àwọn tí kò yàn án náà ní ìdí. Nọ́ọ̀sì kan tí ń ṣiṣẹ́ òru sọ pé òun kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òun yóò fi sinmi. Ẹlòmíràn ní abẹ ti tó òun. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, àti àwọn tí ń mu sìgá, ewu tiwọn pọ̀ sí i. Ẹni tí ó máa gba ìtànṣán lè ní láti dúró, nítorí ìtànṣán máa ń mú awọ le. Àwọn mìíràn fẹ́ kí wọ́n rán àyà wọn ní pẹlẹbẹ tí ó mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì máa lọ. Èyí náà jẹ́ yíyàn tí ó péye.

Ó yẹ kí á sọ òótọ́. Ọyàn tí a tún mọ kì í sọ ọmú fún ọmọ. Ìmọ̀lára inú rẹ̀ kì í sábà padà bí ti tẹ́lẹ̀. Ara àwa aláwọ̀ dúdú sì máa ń tètè ní àpá tí ń wú tí ó sì ń yún ni, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà bí irú rẹ̀ bá ti bá yín rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó ti jáde fi hàn pé àtúnmọ kì í mú jẹjẹrẹ padà, kì í sì í fi í pamọ́ fún dókítà. Ẹ̀rù Halsted kò ní ìdí mọ́.

Ohun tí ó kan àwa gan-an

Ní Amẹ́ríkà, iye obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń ní jẹjẹrẹ ọyàn kò pọ̀ ju ti aláwọ̀ funfun lọ, síbẹ̀ iye tí ó ń kú fi nǹkan bí 40 nínú 100 ju tiwọn lọ. Ó máa ń tètè mú wa ní ọjọ́ orí kékeré, irú tí ó le jù sì máa ń bá wa jà jù. Àwọn obìnrin wa tí a ń tún ọyàn mọ fún kéré sí àwọn yòókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdí rẹ̀. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n yẹ 1,136 obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò ní Ìbàdàn. Nǹkan bí 11 nínú 100 wọn ni ó ní àbùkù nínú àbùdá tí a ń pè ní BRCA1 tàbí BRCA2, èyí tí a ń jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá. Nítorí náà, bí ìyá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n yín nílé bá kú nípa àrùn yìí, tí wọ́n sì fi í pamọ́ fún yín, ohun tí ó lè gba ẹ̀mí yín là ni wọ́n fi pamọ́ yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Ní Houston yìí náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Sisters Network sílẹ̀ ní 1994. Karen Jackson, tí òun fúnra rẹ̀ la àrùn náà kọjá, ni ó dá a sílẹ̀ fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí jẹjẹrẹ ọyàn bá. Ẹgbẹ́ The Rose sì ti wà níbí láti 1986, ó ń yẹ ọyàn wò fún àwọn tí kò ní ìṣúránsì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bẹ̀rù kò ní láti dá nìkan bẹ̀rù.

Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, ẹ bi dókítà ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣé dandan ni kí ẹ gé gbogbo rẹ̀, tàbí kókó nìkan? Bí ó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, ṣé a lè tún un mọ lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí n dúró? Ṣé n ó gba ìtànṣán? Ọ̀nà wo ni ẹ fi ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ sì ti ṣe é? Bí n kò bá fẹ́ ẹ ńkọ́? Bí dókítà kò bá sọ̀rọ̀ nípa àtúnmọ, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí oníṣẹ́ abẹ tí ń ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ mú ẹnìkan dání tí yóò máa kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, àti ẹ̀yin ará ìjọ, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín. Bí obìnrin bá yàn láti tún ọyàn rẹ̀ mọ, ẹ má ṣe sọ pé ó ń ṣe fáàrí. Bí kò bá yàn án, ẹ má ṣe wo àyà rẹ̀ bí ẹni tí a gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ tí ó bá sọ fún aya rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé pé, "Ìwọ ni mo fẹ́, kì í ṣe ọyàn rẹ," ti ṣe iṣẹ́ tí dókítà kò lè ṣe.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìyá tí ó kúnlẹ̀ nínú ère wa kò fi ọyàn rẹ̀ pamọ́; ó gbé e sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí obìnrin tí ó wà nínú ilé yín náà gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ó tètè lọ, kí ó mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì yàn.